Tíì Tẹ́nikẹ́ni Ò Rà

Maimunat ló kọ́kọ́ la pákó mọ́ Ìdírísù lórí.

Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú ọkùnrin náà ní gáréèjì Okokomáíkò, Maimunat àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ tíì yòókù ṣì ń lù ú.

Òun ló mú kí wọ́n sanwó wọ kọ́ńpìnì tíì tó kógbá wọlé lánàá.

"Ẹ ṣàánú mi," ó ń sunkún. "Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó ta tíì yìí rí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́?"



Páálí mẹ́wàá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Maimunat, kò tíì já ọ̀kan níbẹ̀.

Ó fi pákó gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Maimunat rí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe àdúrà àsàlátù, tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ìbà, nínú híjáàbù funfun, pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́.

Ara rẹ̀ yá gágá.

"Olè náà rèé," ó nawọ́ sí Ìdírísù. "Ẹ bá mi pa á."

Wọ́n fo Ìdírísù dá.

Sàmíát, tó kéré jù láàrin wọn, gbé ọmọ odó sókè.

"Àǹtí, a ò mọ ọkùnrin yìí rí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ mú àwa wọ kọ́ńpìnì tíì."