Ọkọ̀ Tí Kò Gbọ́ Ti Màmá Mọ́

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 2071, Màmá Ìbídùnní gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Akínpẹ̀lú mẹkáníìkì ní Ṣakí, nítorí pé sítíárì ti fúyẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Akínpẹ̀lú so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọkọ̀ náà, ó wò ó, ó tún un wò. Àṣà wọn ni kí mẹkáníìkì ka àbájáde sétí ọlọ́kọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

“Kà á, jàre. Àbí oyún lo bá nínú mi?”

“Màmá, wáyà kankan ò já. Ọpọlọ sítíárì ń pe ti bíréèkì àti ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń gbọ́. Láti èṣí ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní dá yín lóhùn mọ́. Wọ́n ní ojú yín ti ṣú. Òfin ojú pópó sì gbà wọ́n láyè.”

Màmá yí sítíárì sósì pátápátá. Táyà ò yí.

“Ta ló wá gbé mi lọ Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

“Ọkọ̀ ni, mà.”

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì. Orí tírélà ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń fi sípánà gbá a níka bí jíà bá ha. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀.

Láti èṣí, kò sí awakọ̀ kankan ní Ṣakí mọ́.