Ọwọ́ Tó Gbé Ẹ̀yìn Ró

Ẹ̀yìn ríro ló gbé Adéyọyin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, dé ilé eré ìdárayá Ṣijúwadé n'Íbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Ṣijúwadé, olùkọ́ rẹ̀, nìkan ló kù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Adéyọyin dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì eré ìdárayá onísípíríìnì tó ń sún lọ sún bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ tì í, ni iná bá lọ.

"Ẹ máa ṣe é lọ, mà. Ẹ jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀," ni Ṣijúwadé wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ tútù kan fi gbé ìbàdí rẹ̀ ró nínú òkùnkùn. Ìrora náà lọ pátápátá.

"O ṣé, ọmọ mi. O tètè dé."

Ohùn Ṣijúwadé dún láti ìsàlẹ̀: "Ẹ ní sùúrù, mà. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn."

Adéyọyin fẹ́ dìde. Ọwọ́ kejì rọra bà lé e láyà, ó sì dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.