Fáìlì Tí Kì Í Dúró Sílé

Bàbá Rufus tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ohun tó hàn lójú rẹ̀ ni ohun tó ti mọ̀ bí ẹní mowó: ètò ìṣirò náà kò lè ṣí, nítorí pé fáìlì kan tó nílò kò sí níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n mú iná lọ lánàá, bátìrì sì kú. Nígbà tí iná dé, tó tan kọ̀ǹpútà padà, àrùn àtijọ́ náà ló tún bá pàdé.

Ó gbé fóònù, ó pe Jonah.

"Ó tún ti dé o."

"Ẹ má dààmú, Bàbá. Mo ń bọ̀."

Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni Bàbá Rufus ní Ifọ́n kó tó fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́, ó ń wọn iṣu àwọn àgbẹ̀ Ìdógùn àti Ìmérì, ó sì ń wọn òjò tó rọ̀ sí i. Ó fẹ́ fi ètò ìṣirò náà mọ̀, kí ọlọ́jọ́ tó dé, ohun tó ń mú iṣu wọn kéré sí i. Margaret ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Abuja, ló ra kọ̀ǹpútà náà fún un lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, kí ọwọ́ bàbá má baà dilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ lóòótọ́. Etí rẹ̀ ló dilẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé ńlá náà.

Jonah wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ọmọ Àkókó ni, ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ti lọ sí Kánádà. Òun ṣì ń retí físà. Kó tó jókòó, ó ti mú fílàṣì tó kó fáìlì náà sí jáde.

"Jọ̀ọ́, là á yé mi," ni Bàbá Rufus wí. "Báwo ni fáìlì ẹyọ kan ṣe ń dá gbogbo ètò dúró?"

"Ètò yìí kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, Bàbá. Bí odó agbo ilé ni fáìlì náà rí. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń gún iyán nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé odó náà kúrò láyè rẹ̀, ebi pa gbogbo ilé nìyẹn."

"Ta ló wá ń gbé e?"

Jonah kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Iná yìí ni, Bàbá. Iná ilẹ̀ wa ò dáa."

Ó dá fáìlì náà padà, ètò sì ṣí. "Ẹ má pa á o. Bó bá ti ṣí tán, kò tún ń wá fáìlì náà, àfi bó bá kú. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, kò ní yọ yín lẹ́nu."

Bàbá Rufus bọ́ sẹ́yìn ilé, ó gbé iṣu kaná. Bó bá ku òun nìkan, iṣu sísè ló ń jẹ. Ta ló ń gún iyán fún ara rẹ̀? Ọjọ́ tí Jonah bá wá nìkan ni odó ń fojú kan iṣu.

"Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn!" ni Jonah ké láti pálọ̀. "Ẹ gún un kó kúná dáadáa. Mò ń bá yín ṣọ́ kọ̀ǹpútà."

Wọ́n jọ jẹun. Jonah ò kánjú. Ó ní búrẹ́dì ni òun ń jẹ nílé, àti pé àwọn ọmọ òun ti ń fi òyìnbó dá òun lóhùn lórí fóònù. Nígbà tó lọ, ilé pa lọ́lọ́. Àárò rẹ̀ ti ń sọ Bàbá Rufus kí ìró ọ̀kadà rẹ̀ tó kúrò létí.

Nígbà tí Margaret pè, ó rò fún un. Margaret kò gbà pé iná ni.

"Bàbá, iná kì í yan fáìlì kan ṣoṣo mú. Ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e. Ẹ̀yin nìkan lẹ sì wà nílé."

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ lè fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ gbàgbé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Màmá nìyẹn." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa wá mú yín wá sí Abuja. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní fi pa mọ́ fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Nínú pálọ̀ yìí kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ti wò ó lójú, tó bi í pé, "Ta ni yín?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó ti mọ ọ̀nà ibi iṣu.

Wọ́n tún mú iná lọ. Bátìrì kú. Iná dé, fáìlì kò sí.

Jonah dé, ó dá a padà, ètò ṣí. "Inú yín ò dùn, Bàbá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí." Ojú ń tì í láti sọ pé orí òun kò pé mọ́.

Ó lọ gbé iṣu kaná. Ó fọ odó, ó fi ọwọ́ pa etí odó náà, ó sì mọ̀ pé iyán ìkẹyìn nìyí. Ó rò ó pé ó sàn kí òun pe Margaret nísinsìnyí tí iṣu ń hó, kó lè wá kó ẹrù òun, kí òun sì fi ọkàn kan bá àlejò òun jẹun. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga ní pálọ̀. Ó padà lọ mú un.

Láti ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn èjìká Jonah, ó rí i lójú kọ̀ǹpútà bí Jonah ṣe mú fáìlì náà tó gbé e kúrò láyè rẹ̀, ó sì rọra padà sẹ́yìn ilé láìmú fóònù, ó gbé ọmọ odó, iṣu ṣì ń hó lórí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún odó òfìfo, kí Jonah lè gbọ́ ìró rẹ̀, kó sì fọkàn balẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.