Kọ́kọ́rọ́ Tí Ìyàwó Akọ̀wé Ń Sọ Nù

Akọ̀wé kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun tún ti sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní àwọn tó gbé odidi kíláàsì lé irú ẹ̀ lọ́wọ́ kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Tíṣà ni obìnrin náà, ọ̀sán ló máa ń dé, ọkọ rẹ̀ kì í sì í dé títí di ìrọ̀lẹ́.

Akọ̀wé kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣeré. Ó máa ń ṣàlàyé fún àwọn ará ọ́fíìsì, bí wọn ò tilẹ̀ bi í, pé ẹni tó bá he kọ́kọ́rọ́ rẹ ti di onílé, àti pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe oníkọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń tú lọ́ọ̀kì àtijọ́ kúrò, ó béèrè ẹni tó tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Akọ̀wé ní àbúrò òun ọkùnrin ni, ọmọ ìyá òun, tí kò tíì ríṣẹ́. Ìyẹn kò sọ tiẹ̀ nù rí. Kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa àbúrò náà. Ìyàwó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ìgbájú.

Ìyàwó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kan ìdábùú mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí.

"Kí àbúrò mi máa wá kanlẹ̀kùn nílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bí alágbe?"

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá lọ́ọ̀kì tuntun wá. Akọ̀wé ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ìyàwó na ọwọ́, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ni Akọ̀wé kó méjì tó kù sí.

"Ọwọ́ ẹ ti jò jù," ó ní. "Láti òní lọ, tí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, lọ jókòó sí ìsọ̀ aránṣọ títí màá fi dé. Kí gbogbo àdúgbò máa wò ẹ́."

Òun kan náà ló ti fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ dúró ní ìsọ̀ yẹn, pé ojúde aláìníṣẹ́ ni. Ó mọ ibi tí yóò ti dùn ún. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ. Akọ̀wé jẹun dáadáa. Ó ní ojú ti tì í nìyẹn, ọgbọ́n ló kù tí yóò kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ, ìyá àgbàlagbà kan, sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó rọra bi í bóyá òótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti gbà á, mà," ni ìyàwó dáhùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ju kọ́kọ́rọ́ sí ṣálángá kó tó gbà á, ṣùgbọ́n àbúrò ẹ̀ ò ní bá èmi nìkan nínú ilé lọ́sàn-án mọ́."