Òwú Inú Odò Ọbà

Bàbá ahunṣọ na ọ̀pá sí ojú odò. Òwú funfun tó so mọ́ ọn bọ́ sínú omi, ó ká, ó nà, ó tún lọ́ mọ́ra rẹ̀.

"Má tíì kọjá," ó sọ fún obìnrin tó ru igbá fínfín bọ̀ láti Ọ̀yọ́. "Omi ṣì ń yí nísàlẹ̀. Tí òwú bá nà gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ á múlẹ̀."

"Bàbá, ṣé òwú ló wá di wòlíì? Ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ á ti tú kí n tó dé o!"

Síbẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe afárá fún ọkọ̀, èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí bàbá ti gbọ́ ohùn èèyàn kẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kú. Ó sọ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kùmásí.

"Bàbá, ẹ tún un wò."

Ó wò ó. Òwú ti nà gbọọrọ.

"Ó ṣì ń ká," ni ó wí.

Obìnrin náà wo òwú, ó wo ojú bàbá.

"Ó ń ká lóòótọ́," ó ní. "Ọmọ yín ọ̀hún, ṣé ó ti gbéyàwó?"