Ọwọ́ Tí Dókítà Dì Mú

Ìka Yosr ti kú.

Ní ọ́fíìsì wa ní ìlú Sfax, láti àárọ̀ di alẹ́ lèmi, Yosr àtàwọn yòókù ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde! Àbí eré lẹ wá ṣe ni?"

Mongia, alábòójútó wa, nìyẹn. Ó ń tu èèpo kóró èso tó ń jẹ lẹ́nu sẹ́yìn àga wa.

Àwa ò rí ọ̀gá náà rí.

Lónìí, Yosr ò lè de bọ́tìnnì aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ló fà á. Máa dìde, máa sinmi lóòrèkóòrè. Má máa ká ọrùn-ọwọ́ bí o bá ń tẹ̀wé. Aláìláàánú wo ló ń lò ẹ́ báyìí?"

Omijé bọ́ lójú Yosr.

Kó tó dáhùn, fóònù dókítà dún lórí tábìlì. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Mongia gba gbogbo yàrá.

"Ọ̀gá, méjì nínú wọn ò wá síṣẹ́. Ọ̀kan ní ọwọ́ ń dun òun."

"Ọ̀lẹ ni," dókítà dáhùn. "Fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀."



Yosr já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì ń nù ún mọ́ aṣọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́.