Obìnrin Tó Ń Wo Okùn Aṣọ Mi

Ojú mi ò kúrò lára Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, tíṣà ará Èkìtì tó gba ilé tó wà lẹ́yìn tiwa ní Máfolúkù.

Àràárọ̀ ló ń kó àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ò tètè gba nǹkan jọ. Ó ní òun ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì.

Ó sì máa ń ti géètì.

Látìgbà tí owó epo rọ̀bì ti dé, olówó òjijì ti pọ̀ ní Òṣòdì. Ta ló mọ ohun tó ń fi ọmọ olọ́mọ ṣe?

Bàbá onílé bi í léèrè ìdí tó fi ń ti géètì. Ó ní kí àwọn ọmọ má baà sáré bọ́ sí títì ni.

Mi ò gbà. Ẹni tí ò fi nǹkan pamọ́ kì í tilẹ̀kùn.

Lónìí, ó wá sílé mi. Okùn aṣọ mi ló ń wò.

"Ìyá Táíyé, ẹ ní Kẹ́hìndé ti ṣaláìsí láti kékeré."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló wá ni aṣọ kejì yẹn?"

Àǹkárá kan náà, ìwọ̀n kan náà, méjèèjì ṣì ń kán omi.

Mo di etí ìró mi mú, níbi tí mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Kẹ́hìndé gbọ́ ohùn àlejò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn.